Ojúṣe Ayálégbé: Bí A Ṣe Ń Dènà Ìwà Ìdààmú Nínú Ilé Tí A Háyà ní Àkúrẹ́

Ní ọjọ́ tí ayálégbé bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ onílé, ọ̀pọ̀ a máa rò pé yàrá nìkan ni àwọn gbà. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ti gbà láti dáhùn fún ohunkóhun tó bá ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jáde lọ bá àwọn ará ilé yòókù: ariwo, èéfín, pàǹtírí, ìjà, àti ìwà ẹnikẹ́ni tó bá gbà lálejò. Mo ti háyà ilé ní Òkè-Àrò, mo ti háyà ní ọ̀nà Ọ̀dà, mo sì ti ṣe akọ̀wé àwọn ayálégbé fún ọdún mẹ́rin nínú ilé oníyàrá méjìlá kan tí kò jìnnà sí yunifásítì FUTA. Ìwé tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé nígbà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nínú gbogbo ẹjọ́ tó wà níbẹ̀, kò sí èyí tó fi ìjà bẹ̀rẹ̀. Ohun kékeré tí ẹnì kan ń ṣe, tí ẹnì kejì rí tí kò sọ, ni ó máa ń dàgbà títí tí a ó fi ké sí ọlọ́pàá.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó kó ẹrù wọlé. Ní Àkúrẹ́, ejẹ́ǹtì a máa gba owó àdéhùn àti owó iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ owó ilé, síbẹ̀ ẹni tó sanwó fún ìwé náà kì í sábà kà á. Ẹ kà á. Bí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò bá yé yín dáadáa, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó yé kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì rí i pé ẹ gba ẹ̀dà tiyín. Ó ṣọ̀wọ́n kí á rí ìwé àdéhùn tí kò ní ibi tí ayálégbé ti ṣèlérí pé òun kò ní di ìdíwọ́ fún ará ilé àti àdúgbò, pé òun kò ní lo ilé fún ohun tí òfin kọ̀, àti pé òun kò ní fi yàrá náà háyà fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Àwọn ìlérí yìí ni onílé yóò gbé síwájú adájọ́ bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́.

Ẹ tún bèèrè ohun tí ìwé kò sọ. Aago mélòó ni wọ́n ń ti géètì lóru? Ta ló ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọjọ́ wo ló sì ń gbá a? Níbo ni wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí? Ènìyàn mélòó ni onílé fẹ́ kó máa gbé yàrá kan? Ẹ padà lọ wo ilé náà ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, nítorí ilé tí ejẹ́ǹtì mú yín wò ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ síbi iṣẹ́, kì í ṣe ilé tí ẹ óò máa sùn sí.

Kí ẹ̀yin náà sọ òtítọ́. Bí ẹ bá ń ránṣọ títí di òru, bí ẹ bá ń ṣe ìpàdé àdúrà nínú yàrá, bí àbúrò yín àti ọmọ mẹ́ta bá ń bọ̀ wá bá yín gbé, ẹ sọ ọ́ lójú onílé. Ó sàn kí onílé kọ̀ fún yín ní ọjọ́ náà ju kí ẹ fi odindi ọdún kan jà lọ.

Àlejò yín, ẹjọ́ yín

Nínú gbogbo ohun tí mo rí, àlejò ló ti kó bá ayálégbé jù. Ní agbègbè àwọn ẹnubodè FUTA, ó wọ́pọ̀ kí ẹnì kan san owó ilé kí mẹ́rin máa gbé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní yàrá kẹfà nínú ilé wa. Ọdún kẹta ló wà ní yunifásítì, kì í pariwo, òun ló sì máa ń bá àwọn àgbàlagbà ilé gbé omi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ti lé kúrò níléèwé wá kí i, ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré ni òun yóò lò. Mo ń gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá lójoojúmọ́, mo sì máa ń rí bàtà wọn níta. Ní oṣù kìíní, sálúbàtà ẹsẹ̀ méjì ló máa ń wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì, mẹ́rin. Nígbà tó yá, mo ka méje lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ bàtà aláwọ tí ẹrẹ̀ pupa ti gbẹ mọ́ lára. Ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níwájú ilé ní aago méjì òru. Mo bi ọmọ náà léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú ló ń tì mí láti sọ fún un pé kó máa lọ."

Èmi náà kò sọ fún onílé. Mo kà á sí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Nígbà tí àwọn agbófinró já wọlé lóru ọjọ́ kan, wọ́n bá igbó àti àdá méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àlejò sì ti gba ojú fèrèsé sá lọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé àdéhùn ni wọ́n mú. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní àtìmọ́lé kí àwọn òbí rẹ̀ tó rí i gbà jáde, ìdánwò méjì sì ti kọjá lórí rẹ̀. Títí di òní ni mo ń kábàámọ̀ pé mo dákẹ́.

Nítorí náà, kí àlejò tó tú ẹrù, ẹ bi í ní ọjọ́ tí yóò lò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mọ òfin ilé. Bí yóò bá sùn ju alẹ́ mẹ́ta lọ, ẹ sọ fún onílé tàbí ẹni tó ń bá a mójú tó ilé, kí ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹ má fún un ní kọ́kọ́rọ́ géètì. Ẹ má gbà kí ó máa pe àlejò tirẹ̀ wá. Bí ojú bá ń tì yín láti ní kó máa lọ, ẹ lo orúkọ onílé: ẹ sọ fún un pé ìwé àdéhùn kò gbà yín láyè, òótọ́ sì ni.

Òfin kò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Òfin orílẹ̀-èdè wa lórí jìbìtì, èyí tí wọ́n ṣe ní 2006 tí àjọ EFCC ń lò, sọ pé ẹni tó ń gbé ilé kan tàbí tó ń mójú tó o, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ gbà kí wọ́n máa fi ṣe jìbìtì, ti dẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní ọdún 5, kò ju ọdún 15 lọ, kò sì sí àyè pé kó san owó ìtanràn dípò rẹ̀. Òfin àjọ NDLEA náà ní ìjìyà fún ẹni tó bá fi ilé tó ń gbé sílẹ̀ fún ìkópamọ́ tàbí òwò oògùn olóró. Àwọn tó ń ṣe yàhúù mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń wá ẹni tí yóò bá wọn fi orúkọ ara rẹ̀ gba ilé. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní orúkọ yín, ìbáà ṣe ọmọ ìyá yín. Ẹni tó bá sì rí ohun tó ń lọ nínú yàrá ara rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, yóò ṣòro fún un láti sọ níwájú adájọ́ pé òun kò mọ̀.

Ariwo àti èéfín

Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo, èyí tó wà lábẹ́ NESREA, àjọ tó ń mójú tó àyíká, láti 2009, fi òdiwọ̀n sí ìró tó lè wà ní ibi tí ènìyàn ń gbé: dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 50 ní ọ̀sán àti 35 lóru. Aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni wọ́n kà sí òru. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 35 kò fi púpọ̀ ju ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ ibi tí ẹ dé. Ẹ tan rédíò bí ẹ ṣe máa ń tàn án, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò yín. Bí ẹ bá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ inú orin náà ní kedere, ó ti pọ̀ jù.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní àárín ìlú, tí àwọn yàrá kọjú síra wọn, ògiri tó pín yàrá méjì níyà kò kan òrùlé. Àjà nìkan ni wọ́n fi bo òkè rẹ̀. Ìró a gba òkè yẹn bọ́ sọ́dọ̀ ẹni kejì bí ẹni pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kúrò lára ògiri, ẹ fi fóòmù tàbí ẹní tí ẹ ká sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì dín bẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kù, nítorí pé ìró tó ń dún kìì bí ìlù yẹn ló ń gba ara ògiri kọjá jù. Àdúrà òru kò yàtọ̀. Onígbàgbọ́ ni mí, mo sì fẹ́ràn ìṣọ́ òru, ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà Hánà, ẹni tí ètè rẹ̀ nìkan ń mì, yóò gbọ́ tiyín láìjẹ́ pé ẹ jí ọmọ ọlọ́mọ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ tàbí ọjọ́ ìbí, ẹ lọ láti yàrá dé yàrá ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ sọ àkókò tí ẹ óò parí, kí ẹ sì parí ní àkókò náà. Nínú ìrírí mi, ẹni tí wọ́n ti sọ fún ṣáájú kì í bínú bí ẹni tí ariwo kàn já lù.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ju ọ̀rọ̀ ariwo lọ. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó sì ń pa ènìyàn lójú oorun kó tó mọ̀ pé ohun kan ń ṣe òun. Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní bákónì tàbí lábẹ́ fèrèsé, yálà tiyín tàbí ti ẹlòmíràn. Àyè gbalasa lẹ́yìn ilé ni kó wà, kí ẹnu tí èéfín ń gbà jáde sì kọjú sí ibi tí kò sí fèrèsé kankan. Ní ilé wa, a fi ẹnu kò pé aago mọ́kànlá alẹ́ ni gbogbo jẹnẹrétọ̀ yóò kú, àyàfi bí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn. Ìyá ọmọ tuntun kan ló dá a sílẹ̀: ó gbé ọmọ rẹ̀ dání wá sí ìpàdé, ó fa aṣọ tí wọ́n fi wé ọmọ náà sí ojú ìmọ́lẹ̀, a sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti dúdú nítorí èéfín tó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Kò sí ẹni tó jiyàn mọ́.

Pàǹtírí, omi àti ọmọdé

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, dída pàǹtírí sí ẹ̀yìn ilé lè gba ẹ̀mí. Ìpínlẹ̀ wa wà lára àwọn tí ibà Lassa ń bá jà jù ní Nàìjíríà, èkúté ló sì ń gbé àrùn náà wọ inú ilé, tó ń fi ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ba oúnjẹ jẹ́. Ẹ kó pàǹtírí sínú ohun tó ní ìdérí, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la, ẹ má sì dà á sínú gọ́tà tàbí odò Àlà, nítorí bí òjò bá rọ̀, ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni omi yóò gbé e lọ.

Ìjà omi àti ìgbálẹ̀ rọrùn láti dènà bí wọ́n bá kọ orúkọ sára ògiri, kí kálukú mọ ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Ẹ san owó omi àti owó iná ní àkókò, nítorí kò sí ohun tó ń sọ ará ilé di ọ̀tá kíákíá bí kí wọ́n gé iná gbogbo ilé nítorí ẹnì kan. Ní ti ọmọ, bí wọ́n bá wá fẹjọ́ ọmọ yín sùn, ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó dá a láre. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá sì ṣẹ̀ yín, ẹ má nà án. Ẹ mú un lọ bá ìyá rẹ̀.

Bí ẹlòmíràn bá ń da ilé láàmú

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Sísọ ọ́ fún un wà lára ojúṣe ayálégbé, bí a sì ṣe sọ ọ́ ṣe pàtàkì bí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹ má lọ kan ilẹ̀kùn ní òru pẹ̀lú ìbínú. Ẹ dúró di àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, kí ẹ̀yin méjì nìkan wà níbẹ̀, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìbu ìwà rẹ̀, kí ẹ sì bá a wá ọ̀nà àbáyọ: "Ìyá Bọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mi kò rí oorun sùn lánàá nítorí jẹnẹrétọ̀. Ṣé ẹ lè jẹ́ kí a jọ gbé e sí ẹ̀yìn ilé ìdáná?" Ìdáhùn tí mo gbọ́ jù lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, "Ẹ má bínú, n kò mọ̀ pé ó ń dé ọ̀dọ̀ yín." Òótọ́ sì ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Bí kò bá yí padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé kékeré kan tó. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó rí i, irú bí: "Ọjọ́bọ̀, aago 1:20 òru, jẹnẹrétọ̀ yàrá kẹta, ó kú ní 3:05, Bàbá Ṣèyí gbọ́ ọ." Ẹ má kọ èébú, ẹ má sì kọ ohun tí ẹ kò fojú rí. Ẹ má gbé e lọ sí ojúde WhatsApp àdúgbò, nítorí ẹni tí a dójú tì ní gbangba kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ tí a kò lè fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn sì lè padà di ẹjọ́ bíba ènìyàn lórúkọ jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìpàdé ilé; bí ìpàdé kò bá ràn án, kí ayálégbé méjì tàbí mẹ́ta jọ fọwọ́ sí lẹ́tà sí onílé, kí ẹ so ẹ̀dà ohun tí ẹ kọ mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Àkúrẹ́ ló ní ẹgbẹ́ onílé àti olóyè tó ń parí ìjà. Ẹ má fojú kéré wọn. Mo ti rí i tí olóyè àdúgbò parí ní ìrọ̀lẹ́ kan ẹjọ́ tí a ti ń fà fún oṣù mẹ́jọ.

Àwọn ohun kan wà tí kò gba ìpele kankan. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń lu ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ ní yàrá kejì, bí ẹ bá rí ohun ìjà, bí àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn bá ń kóra jọ, tàbí bí iná bá ṣẹ́ yọ, ẹ pe 112 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìpè náà. Ẹ tún lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì Àmọ̀tẹ́kùn tó sún mọ́ yín, ẹ̀ṣọ́ tó ti wà ní ìpínlẹ̀ yìí láti 2020. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, ó sì kan ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá. Ẹ má kó ara yín jọ láti lu ẹni tí ẹ fura sí, ẹ má sì já wọ yàrá rẹ̀ láti wá ẹ̀rí. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀daràn nínú ọ̀rọ̀ tó wá tún ṣe.

Ẹ má sì rọ onílé láti yọ òrùlé, gé iná tàbí kó ẹrù ẹni tó ń dààmú ilé síta. Òfin kò gba onílé láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ìwà ayálégbé burú tó. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ẹni tó ń san owó ọdọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san oṣooṣù ní ẹ̀tọ́ sí oṣù kan, ẹni tó ń san ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ sì ní ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọjọ́ méje tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ sí ilé ẹjọ́. Ó gùn, mo mọ̀, ó sì máa ń dun ẹni tí kò rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n ìwé kékeré tí ẹ ti ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yára níwájú adájọ́, bí ẹ bá sì gbà láti jẹ́rìí, ẹ sọ fún onílé ní kíkọ.

Nígbà tí ẹ bá ń kó jáde

Ojúṣe yín kò parí ní ọjọ́ tí ẹ kó ẹrù. Ẹ má fi yàrá sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ kó lo oṣù tó kù, àní bí ẹ bá ti san owó rẹ̀, nítorí orúkọ yín ló ṣì wà lórí ìwé. Ẹ gbá yàrá náà mọ́, kí ẹ sì san gbèsè iná. Ẹ kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ padà, títí kan èyí tí ẹ fi owó ara yín gé, kí onílé kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti gbà wọ́n, kí ó fi ọjọ́ sí i, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ẹ tọ́jú ìwé yẹn pẹ̀lú ìwé àdéhùn yín.